Ohun Tó Gbé Wa Ṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ ti ń yọ lẹ́nu láti ìgbà èwe, tó ń san tó tún ń padà, ẹ̀yìn ló yẹ kó wò. Ṣùgbọ́n kí ìrora ṣáà ti rọlẹ̀ ni, ó ti wọ bàtà bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Ìrora máa ń lọ kí agbára tó dé. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, iṣan tó so eegun mọ́ eegun ló fà tàbí tó ya. Ó lè jinná, kí ẹsẹ̀ má sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró mọ́. Ẹ ní kí ẹni náà fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró, kó dijú. Ẹ ó rí i bí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ á ṣe máa wá ilẹ̀ dì mú, tí ọrùn ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, tí yóò sì sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀ wàràwàrà. Irú ẹsẹ̀ yìí ló fẹ́ gbé lọ sórí pápá tí ọyẹ́ ti sọ di òkúta.

Kì í ṣe àìrówó ìtọ́jú nìkan ló ń mú kí ìfarapa máa padà. Benin City níbí ni wọ́n bí Festus Ezeli ní 1989. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó lọ Amẹ́ríkà láti kọ́ṣẹ́ dókítà, kí básíkẹ́tì-bọ́ọ̀lù tó gbà á. Iṣẹ́ abẹ orúnkún ọ̀tún kò jẹ́ kó gbá rárá ní sáà 2013 sí 2014. Ó padà, ó bá Golden State Warriors gba ife NBA ní 2015. Ní 2016 wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún òsì. Ẹgbẹ́ Portland gbà á lọ́dún náà, kò sì gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ṣàn-án là á rìn, ajé ní ń mú ni pẹ kọ̀rọ̀. Ọmọ tó gbọ́ pé àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní Samuel Ogbemudia Stadium kò ní sọ fún kóòṣì pé orúnkún òun wú lánàá. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá a sọ ọ́. (Kóòṣì tó bá bínú sí i, ẹ wá ẹlòmíràn.)

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfarapa, ẹ má fi omi gbígbóná àti Róòbù wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lẹ ń mú kó pọ̀ sí i. Yìnyín nínú aṣọ, ìṣẹ́jú 15, ó tó. Bí orúnkún bá dún pàú tó sì wú láàárín wákàtí díẹ̀, tó há, tàbí tó ń yẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun: ilé ìwòsàn UBTH wà ní Ugbowo. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí iṣan àárín orúnkún kò gbọdọ̀ padà sí ìdíje kó tó pé oṣù 9.

Bí ọjọ́ ìpadà bá tó, ẹ lo ìdíwọ̀n. Kó fi ẹsẹ̀ tó le fò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá lọ tó 150 sẹ̀ǹtímítà, tí èyí tó ti bàjẹ́ kò tó 135, kò tíì yá. Kó sì máa ṣe ìdárayá tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: sísáré jẹ́jẹ́, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan, fífò, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Wọ́n dán an wò láàárín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù Èkó, ìwádìí náà jáde ní 2014, ìfarapa sì fi ìdá 41 nínú 100 dín kù. Kò gba owó kankan.

Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì, tí ẹsẹ̀ ilé-ìwé ṣì ń bá yín jà, oríkèé tó ti bàjẹ́ rí a máa tètè gbó. Ẹ lúwẹ̀ẹ́, ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ dín ìwọ̀n ara kù. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé lẹ ò lè fi sílẹ̀, ẹ gbá a fún ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ wo orúnkún láàárọ̀ Sunday. Bó bá wú, ẹ gbá 10 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.