A Kì Í Win Ènìyàn, Àkànní

Àkànní, wá jókòó. Gbé fóònù yẹn kalẹ̀ jàre. Máa jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ lọ, etí rẹ nìkan ni mo ń wá.

Ìwé tí o ní kí n bá ọ wò, èyí tí o fẹ́ fi wáṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá, mo ti kà á. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ ìlà kejì rẹ̀ ló bà mí nínú jẹ́: "Nigeria won Argentina in 1996." Háà! Argentina tí a jẹ ńkọ́, ibo la gbé e sí? Ṣé a dì í sápò wálé láti Amẹ́ríkà ni?

Beat ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọkọ mi. Ẹni tí ẹ jọ ń figagbága lẹ ń beat. Ohun tí ẹ jọ ń dù lẹ ń win. A beat Brazil 4-3, lọ́jọ́ tí Kanu gbá méjì wọlé nígbà tí gbogbo ayé ti rò pé ó ti parí. A wá beat Argentina 3-2, a sì win wúrà Òlíḿpíìkì. Bí o bá kàn fẹ́ sọ pé "we won," kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Ìgbà tí o bá fi orúkọ ẹni tí ẹ nà sí i lẹ́yìn ni wàhálà dé.

Mo mọ ibi tó ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Jẹ ni. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ tó bọ́ sí i, a ní ó jẹ. Ọmọ tó fàgbà han ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí lúdò náà á pariwo pé "mo jẹ ẹ́!" Jẹ ń jẹ owó, ó ń jẹ ènìyàn. Win ò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ má fi Yorùbá ṣe àwáwí fún mi o, torí a ní gbà náà. Ta lo gbọ́ tó ní "a gba Argentina"? Ife là ń gbà. Ènìyàn, nínà là ń nà á, bí a ṣe na Algeria 3-0 ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980. Ojú mi báyìí ló ṣe! Nídìí ayò ẹ̀wẹ̀, ọ̀ta ní í pa ọ̀pẹ.

Bí o bá sì sọ fún òyìnbó pé o win ọmọbìnrin kan, yóò rò pé ọkàn rẹ̀ lo rí gbà ni. Ọmọ tó ń pè ọ́ lálaalẹ́ yẹn, win tìrẹ, inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n beat tún ni lílù o. Kí n má gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láé, orógùn mi wà nítòsí.

Beat lónìí, beat lánàá. Èwo ni beated tó wà ní ìlà kẹjọ? Mú bírò wá. Mọ́ínmọ́ín méjì ṣì wà nínú ìkòkò, o ò sì ní fọwọ́ kàn án títí wàá fi tún un kọ.