Ẹ Wo Inú Àgbàdo Yín

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn àgbà ti sọ ibi tó yẹ ká wò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwa tó gbin àgbàdo sẹ́yìnkùlé ní Sùúrùlérè àti Múṣin, ojú fèrèsé la ti ń wò ó. Ìgbà tí ewé bá lu jára tán la ó tó máa wá oògùn kiri.

Àlejò ni kòkòrò tó ń ṣọṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Fall armyworm ni wọ́n ń pè é. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, oko àgbàdo Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́ sì wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú. Àfòpiná ni ìyá rẹ̀. Òru ló ń fò, ó sì lè yé ẹyin 100 sí 200 pọ̀ lójú kan lára ewé.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kàn ń họ ojú ewé ni. Tó bá dàgbà, á wọ àárín àgbàdo lọ, á fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Oògùn kò ní kàn án mọ́. Nítorí náà, gbàrà tí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ yí ewé padà, ẹ fi ìka tẹ ẹyin pa. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ bíi lẹ́bulẹ́bu pákó, ẹ ya ewé ibẹ̀: èyí tí àmì Y dorí kodò níwájú orí rẹ̀, tí tóótó dúdú mẹ́rin wà nítòsí ìdí rẹ̀, òun gan-an nìyẹn. Ẹ mú un jáde, kí ẹ bu eérú tàbí yanrìn díẹ̀ sáàárín àwọn àgbàdo tó kù. Ẹ má lé èèrà àti agbọ́n, àfi bí agbọ́n bá ti fẹ́ gbalé lọ́wọ́ yín. Àwọn náà ń bá wa pa á.

Ọ̀tapiapia ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí i. Ẹ̀yìnkùlé Èkó ò tóbi: ibi tí àgbàdo wà náà lẹ ń sáṣọ sí, ibẹ̀ lọmọdé ń ṣeré. NAFDAC kò ṣàdédé fòfin de títà ìgò kékeré dichlorvos, èyí tó máa ń wà nínú ọ̀tapiapia, lọ́dún 2019. Bí ọwọ́ kò bá ká kòkòrò, ẹ gún kóró dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, torí oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá gbin ewédú náà, ti kòkòrò rẹ̀ tiẹ̀ rọrùn jù. Ní California, àwọn tó ń gbin alfalfa, koríko tí wọ́n ń sá gbẹ fún màlúù, a máa tètè gé e bí kòkòrò bá pọ̀ nígbà tó ti fẹ́ tó gé. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí kòkòrò ẹlẹ́gùn-ún bá bo ewédú yín tó ti tó jẹ, ẹ gé e lónìí, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó tún rú, kí ẹ sì ṣa kòkòrò tó kù sínú omi ọṣẹ.