Ẹ Má Jẹ́ Kí A Ta Ibùsùn Omi: Ẹ̀kọ́ Lórí Ilẹ̀ Tútù Tó Ṣẹ́kù Ládùúgbò Wa

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà, Okokomaiko àti agbègbè wọn tí ẹ ṣì ń gbá ẹrẹ̀ jáde nínú ilé, tí ẹ ń sá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn, tí ẹ sì ń béèrè pé kí ni a lè ṣe kí irú èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ẹ lè kà á nílé. Yóò tún dára bí ẹ bá kà á pọ̀ nínú ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ obìnrin tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.

Lẹ́yìn ìkún omi, gọ́tà ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá ni gọ́tà. Kì í ṣe ibi tí omi ń sùn. Àbàtà, irà, pápá koríko àti etí odò tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí ni ibùsùn omi. Àwọn ilẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń gé sí pulọ́ọ̀tì lójoojúmọ́ fún ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí. Bí a bá tà wọ́n tán, kò sí gọ́tà tí yóò tó.

Iṣẹ́ tí ilẹ̀ tútù ń ṣe

Omi ọ̀sà tó lọ sí Badagry wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò sì jìn. Òjò máa ń pọ̀ ní oṣù Kẹfà àti Keje, ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì tún máa ń padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 669. Bí òjò tó ga tó mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó bọ́ sílẹ̀ ju lítà 33,000 lọ. Ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 1,300. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ koríko àti igi, apá kan omi náà yóò wọlẹ̀, ewé yóò gba díẹ̀ dúró, ìyókù yóò sì máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ páànù àti kọ́ǹkéré láti ògiri dé ògiri, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò sáré bọ́ sí títì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti yanrìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ra àbàtà á kọ́kọ́ pe típà. Bí ó bá fi yanrìn gbé pulọ́ọ̀tì kan sókè ní mítà kan péré, ó ti gba àyè tí omi tó tó lítà 669,000 lè dúró sí. Omi náà kò parẹ́. Ó ń wá ibòmíràn lọ ni, ilé aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì yà sí. Ìdí nìyí tí ilé tí omi kò wọ̀ rí fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi lọ́dún tí wọ́n kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ará Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ya wọ ìlú náà, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Nígbà méjèèjì, ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò àti ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tó sọ òjò di àjálù.

Ilé àti iṣẹ́ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Owó ilé ń ga sí i. Àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́. Ẹbí onílẹ̀ tó ń ta àbàtà lè máa wá owó ilé ìwé tàbí owó ìwòsàn. Ẹni tó rà á lè jẹ́ ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá kó owó àjọ jọ. Nítorí náà, a kò sọ̀rọ̀ lòdì sí ilé, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí wọ́n lé ẹni tó ti ń gbé inú ilé rẹ̀ jáde láìsí ibi tí yóò lọ. Ilẹ̀ tó ṣì ṣófo ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ohun mẹ́ta ni kí a rò. Èkíní, ilé tí omi ń wọ̀ lọ́dọọdún kì í ṣe ilé olówó pọ́ọ́kú. Ẹ ka iye tí ẹ fi ra fìríìjì, àga, ìwé ọmọ àti oògùn ibà lẹ́yìn omi, ẹ ó rí i. Èkejì, ilẹ̀ tútù náà ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ń jẹun níbẹ̀, àwọn apẹja náà ń jẹun níbi tí ẹja ń pamọ sí. Bí a bá da yanrìn bo ilẹ̀ náà, a ti pa iṣẹ́ kan kí a tó dá òmíràn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ tí a ti kọ́lé sí tẹ́lẹ̀ lè gba púpọ̀ sí i. Ẹ wo Trade Fair Complex: àfihàn ọjà ni wọ́n ṣí i fún ní 1977, ṣùgbọ́n lónìí ọjà ńláńlá tó ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé wà níbẹ̀. Kíkọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ gbígbẹ, àti títún ilé àtijọ́ tó ti di ahoro ṣe, sàn ju fífi ilé ilẹ̀ bo àbàtà lọ.

Àwọn tó pa tiwọn mọ́

Ní Èkó níbí, ọgbà Lekki Conservation Centre ti wà láti 1990. Ó tó hẹ́kítà 78, àbàtà sì ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo wa ló mọ bí ilé ti pọ̀ tó ní Lekki. Síbẹ̀ igbó náà dúró. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75 wà létí odò nínú ìlú. Ìjọba ti fi òfin dáàbò bò ó láti 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. A kò mú un wá nítorí ọ̀rọ̀ ìsìn. A mú un wá kí a lè rí i pé ìlú Yorùbá lè dàgbà yí igbó ká láìjẹ ẹ́ tán. Igbó Banco wà láàárín Abidjan bákan náà, ọgbà ìjọba sì ni láti 1953.

Ní Nairobi, ní 1989, ìjọba fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park, pápá tí àwọn mẹ̀kúnnù ti ń sinmi. Wangari Maathai kọ lẹ́tà lé lẹ́tà sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti sí àwọn tó fẹ́ fi owó sí i. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n àwọn olówó fà sẹ́yìn, wọn kò sì kọ́ ilé náà mọ́. Lẹ́tà ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àdá.

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní Númérì 35, nígbà tí Ọlọ́run ń fi ìlú fún àwọn ọmọ Léfì, ó pàṣẹ pé kí ilẹ̀ gbalasa yí ìlú kọ̀ọ̀kan ká, ó sì sọ bí yóò ṣe fẹ̀ tó. Léfítíkù 25:34 sì sọ pé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe títà. Ẹ ka ibẹ̀ pọ̀.

Ohun tí a lè ṣe

1. Ẹ fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ká. Ẹ kọ ibi gbogbo tí omi ti ń dúró sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ara ògiri níbi tí omi ga dé, ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i. Ẹ ya fọ́tò.

2. Ẹ bá ẹbí onílẹ̀, baálẹ̀ àti Kábíyèsí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n tó ta ilẹ̀. Ẹ mú fọ́tò yín dání. Ẹ bi wọ́n bóyá a lè fi ilẹ̀ náà ṣe oko ẹ̀fọ́, ọgbà òparun tàbí pápá bọ́ọ̀lù, kí ó lè máa mú owó díẹ̀ wọlé fún wọn.

3. Ẹ má sọ ibẹ̀ di ààtàn. Ilẹ̀ tí a ń da ìdọ̀tí sí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà, nítorí kò sẹ́ni tó máa ṣàárò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògùrọ̀ àti òparun tó wà níbẹ̀ dúró.

4. Bí típà bá bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ tàbí LCDA Ìbà, àti sí iléeṣẹ́ àyíká àti ti ìfètòsílùú ní Alausa. Kí CDA fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ pé wọ́n ti gbà á. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ Gómìnà nítorí àǹfààní gbogbo ará ìlú. A ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

5. Ẹ má bá ọmọ onílẹ̀ jà. Òfin Èkó ti 2016 fi ìyà sí ìjà ilẹ̀ àti fífi agbára gba ilẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ìyẹn.

6. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ lọ wò ó ní oṣù Keje, kì í ṣe ní oṣù Kìíní. Ẹ bi ìyá tó ń tajà nítòsí pé ibo ni omi máa ń dé. Ẹ gbé ìwé sọ́féè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó sanwó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Ibo ni omi máa ń sùn ládùúgbò wa nígbà tí a wà ní kékeré? Kí ni ó wà níbẹ̀ báyìí? Ilẹ̀ wo ló ṣẹ́kù, ta ló ni ín, ta ló sì ń jẹun lórí rẹ̀? Ta ni nínú wa yóò lọ bá onílẹ̀ náà, lọ́jọ́ wo? Ẹ má túká láìdá ọjọ́ náà.