Ohùn Tí Ń Tu Ara: Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ Índíà

Gbogbo wa ni a ní ohùn. Òun ni a fi ń kí ara wa, òun ni a fi ń ná ọjà, òun ni a fi ń pe ọmọ. Ní ilẹ̀ Índíà, àwọn ènìyàn tún ń fi ohùn ṣe iṣẹ́ mìíràn: wọ́n ń fi í tu ara wọn lára. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é, ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

1. Kí ni yógà?

Yógà jẹ́ ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Índíà. Ọ̀rọ̀ náà wá láti inú èdè àtijọ́ tí à ń pè ní Sáńsíkíríìtì, ó sì bá ọ̀rọ̀ àjàgà tan. Bí àgbẹ̀ Índíà ti ń fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ túlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yógà ń so ara, èémí àti ìrònú pọ̀ kí wọ́n lè jọ rìn.

Àwọn kan rò pé yógà kò ju kí ènìyàn ká ẹsẹ̀ kò, kí ó sì máa tẹ ara síwá sẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èémí àti ohùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tàbí ìró tí wọ́n ń pè léraléra ni à ń pè ní mántírà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Om. Wọn a la ẹnu bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn a sún ètè jọ, wọn a sì pa ètè dé láti parí rẹ̀, báyìí: aaa, uuu, mmm.

2. Ẹ̀kọ́ tí a fi ẹnu kọ́

Àwọn orin ìsìn àtijọ́ ilẹ̀ Índíà ni à ń pè ní Veda. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ti lé ní 3,000 ọdún. Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò kọ wọ́n sínú ìwé. Olùkọ́ a pè é, ọmọ ẹ̀kọ́ a sì pè é tẹ̀ lé e, títí ìró kan kò fi ní sọnù. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àṣìṣe ni. Èyí kò ní ya àwa Yorùbá lẹ́nu, nítorí ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀.

Nígbà tí ó yá, a kọ ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yoga Sutra. Patanjali ni wọ́n sọ pé ó kọ ọ́, ó sì ti ju 1,500 ọdún lọ. Ìwé náà ka àwọn ohun tí ń bá ẹni tí inú rẹ̀ dàrú rìn: ìbànújẹ́, àìnírètí, ara gbígbọ̀n, àti èémí tí kò lọ déédéé. Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ a máa mí jẹ́jẹ́. Nítorí náà àwọn olùkọ́ yógà rò ó pé, bí ìdààmú bá lè da èémí rú, a jẹ́ pé títún èémí ṣe lè mú ìdààmú rọlẹ̀.

3. Bí ohùn ti ń tu ara

Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Awọ kékeré méjì wà nínú gògóńgò wa. Nígbà tí a bá ń mí lásán, àwọn awọ náà a là sílẹ̀, èémí a sì tètè jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń fọhùn, wọn a súnmọ́ ara wọn, èémí a sì máa gba àárín wọn kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí ó ti ń kọjá ni wọ́n ń gbọ̀n. Ti obìnrin a máa gbọ̀n tó ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ọkùnrin a máa lé díẹ̀ ní 100. Gbígbọ̀n yìí ni ó ń di ohùn. Ẹ gbé ìka lé ọ̀fun yín, kí ẹ sọ pé "mmm". Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ omi tí a kò ṣí tán? Omi kò lè ya jáde nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe ń sé èémí. Ẹni tí ó bá fa ohùn gùn, ó ti fa èémí rẹ̀ gùn nìyẹn.

Kí wá ni èrè èémí gígùn? Nígbà tí a bá ń mí sínú, ọkàn wa a máa yára lù díẹ̀. Nígbà tí a bá ń mí síta, a máa lù jẹ́jẹ́. Ẹ fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ yín, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ẹ sì mí kanlẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú yín yóò mọ ìyàtọ̀ náà. Iṣan kan ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá sí ọkàn àti ikùn. Òun ni ìjánu ọkàn. Bí èémí tí ń jáde bá gùn, ìjánu náà a pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ara a sì rọ̀.

4. Ohun tí àwọn oníwádìí rí

Ní ọdún 1924, Swami Kuvalayananda dá Kaivalyadhama sílẹ̀ ní Lonavla, láàárín Mumbai àti Pune. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ yógà wò, kí ó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì sọ ohun tí wọ́n rí lára àgbàlagbà 23 tí ara wọn dá. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn náà pe mántírà kan. Wọ́n tún ní kí wọ́n gba àdúrà Màríà ní èdè Látìn, bí àwọn Kátólíìkì ti ń fi rósárì gbà á. Àṣé ọ̀kan náà ni! Pẹ̀lú méjèèjì, èémí wọn dín sí nǹkan bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, lílù ọkàn wọn sì ń lọ sókè sódò ní ìbámu pẹ̀lú èémí náà.

Ní ọdún 2002, Eddie Weitzberg àti Jon Lundberg ní ilẹ̀ Súwídìn rí ohun mìíràn. Àwọn ihò kan wà nínú egungun ojú wa tí ẹnu wọn ṣí sí imú. Bí ènìyàn bá ń kùn, afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní nitric oxide a máa ti ibẹ̀ jáde ní ìlọ́po 15 ju ti ìgbà tí ó ń mí jẹ́ẹ́ lọ. Èyí fi hàn pé kíkùn ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ kí ó sì bọ̀ nínú àwọn ihò náà. Kò fi hàn pé kíkùn wo àrùn kankan sàn.

5. Kíkùn bí oyin

Hatha Yoga Pradipika jẹ́ ìwé yógà tí ó ti tó nǹkan bí 500 ọdún. Ó sọ̀rọ̀ nípa mímí kan tí ń jẹ́ Bhramari. Orúkọ oyin ni wọ́n fi sọ ọ́. Báyìí ni a lè ṣe é:

(a) Jókòó dáadáa, kí ẹ̀yìn rẹ nà, kí èjìká rẹ rọ̀.
(b) Pa ẹnu dé. Má jẹ́ kí eyín òkè kan ti ìsàlẹ̀.
(d) Fi imú mí sínú jẹ́jẹ́.
(e) Bí o ti ń mí síta, máa kùn bí oyin: mmm. Kí ohùn náà lọ sílẹ̀, kí ó sì gùn. Má ṣe fi agbára fún un.
(ẹ) Sinmi díẹ̀, kí o tún un ṣe. Ìgbà 6 ti tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bí òòyì bá kọ́ ọ, dáwọ́ dúró, kí o máa mí bí ó ti máa ń mí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí láàárín wa. Ọ̀rọ̀ mímọ́ ni Om jẹ́ fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti Búdà. Kò yẹ kí a fi ṣeré. Ẹni tí ẹ̀sìn tirẹ̀ kò bá gbà á láyè kò ní láti pè é. Kíkùn bí oyin kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú.

6. Ìtura kì í ṣe oògùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ẹlòmíràn lè kùn lálaalẹ́, kí ó sùn dáadáa, kí ó wá sọ pé: "Ara mi mà ti balẹ̀, kí ni mo tún ń lo oògùn fún?" Ẹ má ṣe é o! Ara lè tuni, kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa ru lábẹ́lẹ̀, kí ó sì gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá ní ilé ìwòsàn ni ó lè sọ òtítọ́, kì í ṣe bí ara ti rí.

Bákan náà ni ikọ́ tí ó bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2. Kì í ṣe ohùn ni a ó fi lé e lọ. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí èémí ń há, kí ó tètè lọ rí dókítà.

Ohùn lè mú oorun súnmọ́ tòsí, ó sì lè mú kí àyà tí ń já dẹwọ́. Èrè ńlá nìyẹn, a kò sì ní san owó kankan. Ẹ jẹ́ kí ohùn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kí oògùn sì ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni yógà ń so pọ̀?
2. Kí ló dé tí èémí fi ń pẹ́ jáde nígbà tí a bá ń fọhùn?
3. Ìgbà wo ni ọkàn ń lù jẹ́jẹ́: nígbà tí a ń mí sínú ni, tàbí nígbà tí a ń mí síta?
4. Kí ni mántírà àti àdúrà Látìn jọ ṣe fún èémí àwọn ènìyàn 23 náà?
5. Aládùúgbò rẹ fẹ́ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí pé ara ti tù ú. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un?