Abèèrè Kì í Ṣìnà, Bó Bá Dúró Gbọ́ Èsì

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bí abèèrè bá dúró gbọ́ èsì. Ẹni tó dúró ní Savalou, ní ilẹ̀ Benin, tó ń bèèrè ọ̀nà Bantè, tó wá ṣáná sí alùpùpù rẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu, bó bá bá ara rẹ̀ ní Dassa, ta ni yóò dá lẹ́bi?

Bí àdúrà ọgbọ́n ṣe rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa nìyẹn. A ó kúnlẹ̀ láàárọ̀ pé kí Olúwa fún wa lọ́gbọ́n. Kí oòrùn tó kàntàrí, a ti tẹ̀ka síwèé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kajú. Ní agbègbè Bantè, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni a ń ṣa á. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án ni ọmọ ń padà síléèwé, nígbà tí àpò àgbẹ̀ ti gbẹ. Ìgbà yẹn ni oníṣòwò á yọ pẹ̀lú owó lọ́wọ́: gba èyí, kajú tó bá so, tèmi ni, iye báyìí ni kílò kan. Baálé ilé á gbàdúrà ìṣẹ́jú méjì, á sì gbowó. Nígbà tí kajú bá dé, tí ọjà sì wọ́n, yóò máa wo èrè rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn, yóò ní Ọlọ́run kò dá òun lóhùn. Ṣé kò dáhùn ni? Ta ló sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yan gàrí tà ná"? Ohùn tó ń retí láti ọ̀run, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ti wá.

Nígbà tí Ọlọ́run yọ sí Sólómọ́nì lójú àlá ní Gíbíónì, ọba ọ̀dọ́ náà kò tọrọ ẹ̀mí gígùn, kò tọrọ owó, kò tọrọ ikú ọ̀tá. Ọkàn tó ń gbọ́ràn ló tọrọ. Kò pẹ́ tí obìnrin méjì fi gbé ìjà ọmọ kan dé. Kí ọba tó ní kí wọ́n mú idà wá, ó gbọ́ ti èkíní, ó gbọ́ ti èkejì, ó sì tún ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sọ lójú wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Rèhóbóámù ọmọ rẹ̀ náà bèèrè ìmọ̀ràn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bèèrè. Ó da ti àwọn àgbà nù, ó mú ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yà 10 sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jákọ́bù kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé kí ẹni tó ń bèèrè ọgbọ́n má ṣe oníyèméjì. Iyèméjì náà kò jìnnà sí wa: nítòsí Savalou, lẹ́bàá ọ̀nà, ojúbọ Dankoli wà. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan níbẹ̀ á gbá èèkàn igi mọ́ ọn, á da epo pupa sí i, á sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí yóò mú wá bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ. Ẹni tó ń bọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, n kò bá a jà. Ti onígbàgbọ́ tó ṣe àmín lọ́jọ́ Àìkú, tó gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé, ni mò ń wí. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Kí ẹni tí kò débẹ̀ rí má sì tíì yọ̀. Bí o bá ń sọ fún Olúwa pé, "Ṣe é fún mi, màá san ìdá mẹ́wàá mi pé," èèkàn ni ìwọ náà ń gbá. Ojú rere lò ń rà, o kò bèèrè ọgbọ́n.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, gbàdúrà, kí o sì sún un di ọjọ́ kejì. Ka Ìwé Mímọ́, kódà ibi tó lòdì sí ohun tí o fẹ́. Bi ẹni tí kò ní jèrè nínú rẹ̀. Bi aya rẹ, bi ọkọ rẹ.

Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ Savalou máa ń ti ìdálẹ̀ wálé wá jẹ iṣu tuntun. Àgbà ń bẹ nílé lọ́jọ́ náà, ẹni tó ti jẹ gbèsè kajú rí sì ń bẹ láàárín wọn. Jókòó tì í, kí o bi í. Oṣù Kẹsàn-án kò tíì dé.