Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Lè Mú Lọ àti Ohun Tí Ó Gbọ́dọ̀ Fi Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Amòfin Àṣírí Òwò



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, l'ọ́kùnrin àti l'óbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ẹ̀ka iṣẹ́ amòfin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Bí a bá dárúkọ amòfin, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ènìyàn ni ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ogún àti ẹjọ́ ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n àwọn amòfin kan wà tó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe: bí òṣìṣẹ́ bá fi ọ̀gá kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn, kí ni ó lè mú lọ, kí sì ni ó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo wa. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wa yóò gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lè rí iṣẹ́ tó sàn ju èyí tó ń ṣe lọ. Ọ̀nà tí ènìyàn gbà kúrò níbi iṣẹ́ lè fi iyì kún iyì rẹ̀, ó sì lè gbé e dé ilé-ẹjọ́. A ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ẹjọ́ yìí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di iṣẹ́ àṣejẹun fún àwọn amòfin.

1. KÍ NI ÀṢÍRÍ ÒWÒ?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ni òfin ń pè ní àṣírí òwò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀lé òfin àwòkọ́ṣe kan tí wọ́n gbé jáde ní 1979. Ìjọba àpapọ̀ wọn sì ṣe tirẹ̀ ní 2016. Ohun mẹ́ta ni adájọ́ ń wá:

(a) Kí ó jẹ́ ohun tí àwọn yòókù nínú òwò náà kò mọ̀, tí wọn kò sì lè rí ní ìrọ̀rùn.

(b) Kí ó jẹ́ pé nítorí a pa á mọ́ ni ó fi ń mú èrè wá.

(d) Kí ẹni tó ni ín ti sa ipá tó yẹ láti dáàbò bò ó.

Ẹ kíyè sí ẹ̀kẹta. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀gá tó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ gbalasa lórí tábìlì kí gbogbo èrò ọ̀nà máa kà á kò lè dé ilé-ẹjọ́ kó wá pè é ní àṣírí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọṣẹ́ kan lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń gé agbádá, ó mọ bí a ṣe ń ti ọrùn bùbá kó má baà sún. Ìmọ̀ yìí ti di tirẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó lè ní kó gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ìwé tí ọ̀gá kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ìwọ̀n gbogbo oníbàárà sí, tó sì ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì láti pè wọ́n, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìmọ̀ tó wọ ọwọ́ àti orí òṣìṣẹ́ jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ láti bá ni tọ́jú jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ amòfin wà.

2. ẸJỌ́ WAYMO ÀTI UBER

Anthony Levandowski jẹ́ ẹnjiníà ní Google, ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ yìí ń lo ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní lidar, tó ń ta ìtànṣán yíká, tó sì ń fi bí ìtànṣán náà ṣe padà mọ ibi tí ènìyàn, ọkọ̀ àti ògiri wà. Ní oṣù kìíní 2016, ó fi Google sílẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Otto sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Uber kéde pé òun ń ra Otto, ó sì fi Levandowski ṣe olórí iṣẹ́ ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ní òpin ọdún náà, ẹ̀ka tí Levandowski fi sílẹ̀ ní Google di ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí ń jẹ́ Waymo.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe tú síta? Ní oṣù kejìlá 2016, oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ fi í-meèlì ránṣẹ́, ó sì ṣèèṣì fi òṣìṣẹ́ Waymo kan kún àwọn tó fi í ránṣẹ́ sí. Àwòrán ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀, tó dà bí ti Uber. Lójú àwọn ará Waymo, ó jọ tiwọn bí ìbejì. Ẹ̀sùn tí wọ́n gbé dé ilé-ẹjọ́ ni pé ní oṣù kejìlá 2015, kí Levandowski tó kúrò, ó ti kó nǹkan bí fáìlì 14,000 sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dà á kọ sí ibòmíràn, ó sì pa ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà rẹ́.

Ní oṣù kejì 2017, Waymo pe Uber lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Francisco, níwájú Adájọ́ William Alsup. Levandowski lo ẹ̀tọ́ tí òfin fún un láti dákẹ́. Ní oṣù karùn-ún, adájọ́ pàṣẹ pé kí Uber mú un kúrò nínú iṣẹ́ lidar. Kí oṣù náà tó parí, Uber dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ kò sì gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún Waymo náà. Àṣírí tí wọ́n kà sílẹ̀ lé ní 100. Nígbà tí wọn yóò fi dé ìgbẹ́jọ́, 8 péré ló kù.

Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2018. Charles Verhoeven dìde fún Waymo, ó ní Uber rí i pé òun ti kẹ́yìn, ó sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bill Carmody dìde fún Uber, ó ní kò sí ẹ̀rí pé àṣírí Waymo kankan wọ inú ẹ̀rọ Uber. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tí ẹjọ́ yìí le sí gan-an nìyí. Kí a fi hàn pé ènìyàn kó ìwé jẹ́ ọ̀kan. Kí a fi hàn pé ẹlòmíràn fi ìwé náà ṣe iṣẹ́ jẹ́ òmíràn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n parí ìjà. Uber fún Waymo ní ìpín 0.34 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tí iye rẹ̀ tó 245 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní lo àṣírí Waymo nínú ẹ̀rọ òun. Àwọn ará ìlú tí a yàn láti dá ẹjọ́ náà kò dá a.

Àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì bọ́ wọ́n lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ wá ku ti ẹni tó kó fáìlì. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba fi ẹ̀sùn 33 kàn án. Ní oṣù kẹta 2020, ó jẹ́wọ́ ọ̀kan: àkọsílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí ó san 179 mílíọ̀nù dọ́là fún Google, ó sì kéde pé òun ti wọ gbèsè. Ní oṣù kẹjọ 2020, Adájọ́ Alsup rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù 18. Kí ó tó wọ ẹ̀wọ̀n, Ààrẹ Trump dárí jì í ní oṣù kìíní 2021. Ẹnjiníà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan tó bọ́ ọ ni! Ìmọ̀ orí rẹ̀ kò kó o sí wàhálà. Fáìlì ló kó o sí i.

3. BÍ KÒ BÁ SÍ FÁÌLÌ ŃKỌ́?

Ẹnìkan lè bi wá pé: ẹni tí kò kó ìwé kankan, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló gbé lọ, ṣé òfin lè mú un? Ìdáhùn ilé-ẹjọ́ kò dọ́gba.

Ní 1994, William Redmond, ọ̀gá kan ní PepsiCo, fẹ́ lọ bá Quaker, tó ń ta ohun mímu Gatorade. Ó mọ iye tí PepsiCo fẹ́ máa tajà àti ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi polówó rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ní 1995, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Chicago fara mọ́ àṣẹ tó dá a dúró láti má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà títí di oṣù karùn-ún, nítorí wọ́n gbà pé kò sí bí yóò ṣe ṣe iṣẹ́ náà kó má lo ohun tó mọ̀. Ohun tó tún dá kún un ni pé kò sọ òótọ́ délẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ nípa iṣẹ́ tó ń lọ ṣe.

Ní California, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti 1872 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti sọ pé àdéhùn tó bá dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ tó tọ́ lábẹ́ òfin jẹ́ òfo. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Schlage, tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ dá ọ̀gá títa rẹ̀ dúró nítorí ó lọ bá Kwikset tí wọ́n jọ ń du ọjà. Ilé-ẹjọ́ kọ̀. Wọ́n ní a kò lè tìtorí pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn tú àṣírí, kí a fi okùn dè é mọ́lẹ̀.

4. IṢẸ́ AMÒFIN NÁÀ

Ẹni tó bá fẹ́ di amòfin ní Amẹ́ríkà yóò kọ́kọ́ gba oyè yunifásítì, lẹ́yìn èyí yóò lo ọdún mẹ́ta sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin, yóò sì yege ìdánwò ìpínlẹ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀ka yìí, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ ti pàjáwìrì. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò pè é: òṣìṣẹ́ wa ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, amòfin gbọ́dọ̀ ti gba àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti wo fáìlì wo ni a ṣí, wákàtí wo, àti ibo ni a dà á kọ sí; ó sì gbọ́dọ̀ tọ adájọ́ lọ fún àṣẹ ìdádúró kí àṣírí tó tàn. Lẹ́yìn èyí ni oṣù gígùn bẹ̀rẹ̀: kíka ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bíbi ẹlẹ́rìí léèrè lábẹ́ ìbúra kí ìgbẹ́jọ́ tó dé. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń parí ní ìtùnbí-ìnùbí kí ó tó dé iwájú àwọn aṣèdájọ́.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò iṣẹ́ amòfin, ẹ fi ohun méjì sọ́kàn. Ìkínní, amòfin kan náà lè dúró fún ilé-iṣẹ́ lónìí, kó dúró fún òṣìṣẹ́ lọ́la. Ohun tó bá tẹnu mọ́ níwájú adájọ́ lónìí, wọ́n lè fi kò ó lójú lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, kì í sọ ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé lọ.

Ìkejì, òfin tí àwọn amòfin ń rò lé ẹlòmíràn lórí kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn fúnra wọn. Ìlànà iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kò gbà kí ọ́fíìsì amòfin kan fi àdéhùn dí amòfin tó ń lọ lọ́wọ́ láti máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè lómìnira láti yan ẹni tó fẹ́. Síbẹ̀, níbikíbi tó bá lọ, àṣírí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ lómìnira, ẹnu kò lómìnira. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, òdiwọ̀n kan náà ni ilé-ẹjọ́ ń wá fún ẹnjiníà àti fún télọ̀.

5. Ẹ̀KỌ́ TÓ KÀN WÁ

Ní Nàìjíríà níbí, ìlànà tí a jogún láti inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ni pé àdéhùn tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi bí ó bá mọ níwọ̀n. Ní 1973, nínú ẹjọ́ Koumoulis àti Leventis Motors, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fara mọ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Òfin ìdíje òwò ti 2018 sì fi ọdún méjì ṣe òpin rẹ̀. Nítorí náà:

(a) Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ wo iye ọdún, ẹ wo ibi tó dé, ẹ bi amòfin bí kò bá yé yín.

(b) Bí ẹ bá ń lọ, ẹ dá gbogbo ohun ọ̀gá padà: kọ́kọ́rọ́, ìwé, kọ̀ǹpútà. Ẹ má da nǹkan kọ, ẹ má sì pa nǹkan rẹ́, nítorí pípa nǹkan rẹ́ máa ń dà bí ìfarapamọ́.

(d) Ẹ sọ òótọ́ nípa ibi tí ẹ ń lọ, tàbí kí ẹ dákẹ́. Ẹ má purọ́.

(e) Bí ẹ bá di ọ̀gá, ẹ má gba òṣìṣẹ́ tuntun nítorí ìwé tó gbé sábẹ́ abíyá wá. Ẹni tó jí ti ọ̀gá rẹ̀ àná fún yín yóò jí tiyín fún ẹlòmíràn. Ẹ má sì fi orúkọ àṣírí de ọmọṣẹ́ tó ti sìn yín tán.

Ọ̀rọ̀ àgbàfipamọ́ kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. A mọ̀ pé olówó rẹ̀ ni a ń dá a padà fún. Ṣùgbọ́n gbígbà tí ènìyàn bá gba òmìnira rẹ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́ lọ síbi tó sàn kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ pẹ̀lú ìgboyà, kí ẹ sì fi ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ohun mẹ́ta wo ni adájọ́ ń wá kí ó tó pe ohun kan ní àṣírí òwò?

2. Ọmọṣẹ́ kan mọ nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ lórí, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ó lè pè wọ́n lẹ́yìn tó bá gba fúrídọ́ọ̀mù? Kí apá kan rò ó fún ọ̀gá, kí apá kejì rò ó fún ọmọṣẹ́.

3. Nínú ẹjọ́ Redmond àti ti Schlage, èwo ni ìdájọ́ rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, kí sì nìdí?

Ma'as-salaam.