Ẹni Tí Ológbò Yàn Láàyò

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti ti Agége bọ̀ wá sí Onígbòǹgbò, àgbàlá àwọn ilé oníyàrá púpọ̀ a máa kún fún èrò. Àwọn kan a máa dáná, àwọn kan a máa pọn omi, àwọn ọmọdé a sì máa sáré kiri. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ológbò ilé máa ń jáde. Àwọn ọmọdé a nawọ́ sí i, wọn a máa ké pè é pé, "Músù! Músù!" Ẹni tí ó ra ẹja bọ̀ láti ọjà a ju egungun sí i. Ológbò a jẹ egungun náà tán, a fi ahọ́n lá ẹnu, a gba àárín gbogbo wọn kọjá, a sì lọ ká ara rẹ̀ jọ sí ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tí kò pè é, tí kò tilẹ̀ wò ó.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí lójú àlejò, ṣùgbọ́n ó lè di ọ̀rọ̀ ńlá nínú ilé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àjẹ́ a máa para dà di ẹyẹ tàbí ológbò ní òru. Nítorí náà, bí ológbò bá ń tẹ̀lé arúgbó kan kiri, tí àìsàn sì kọlu ọmọ kan nínú ilé náà, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ lé ológbò náà, tàbí kí wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà ni orúkọ rere tí ìyá àgbà ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ a bàjẹ́ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wádìí ọ̀ràn náà dáadáa: kí ni ó ń mú kí ológbò fi ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀, kí ó sì yan ẹnì kan láàyò?

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ bí ológbò ti ṣe dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù, ènìyàn ni ó mú wọn, tí ó so wọ́n mọ́lẹ̀, tí ó sì sọ wọ́n di ẹran ilé. Ní ti ológbò, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wá. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn tí ń gbé ní ìlà-oòrùn òkun Mẹditaréníà bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà, wọ́n sì ń kó o pamọ́ sínú àká. Níbi tí ọkà bá wà, èkúté kò ní í ṣàìwá. Ológbò igbó, irú èyí tí ó ṣì wà ní Áfíríkà àti ní agbègbè náà títí di òní, tẹ̀lé èkúté wọ inú ìletò. Àwọn àgbẹ̀ rí i pé ó ń ṣe wọ́n ní àǹfààní, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa gbé. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ará Faransé kéde pé àwọn rí egungun ológbò kan tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ òkú ènìyàn ní erékùṣù Cyprus, ní ibi tí a ti sin wọ́n ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ológbò kì í ṣe ẹranko erékùṣù náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn fi gbé e débẹ̀.

Àdéhùn àtijọ́ yìí kò tíì yẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ní Onígbòǹgbò, àti ẹni tí ó ń kó àpò ìyẹ̀fun jọ láti fi ṣe búrẹ́dì ní Agége, wọ́n mọ ohun tí ológbò kan lè gbà là nínú ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́ tí wọ́n fi wí pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté.

Láti inú ìtàn yìí ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ti jáde. Ìran ẹranko tí ń dọdẹ ní ọ̀wọ́ ni ajá ti wá, nítorí náà ó rọrùn fún un láti gba àṣẹ. Ológbò igbó ní tirẹ̀ a máa dá ọdẹ ṣe, kò sì sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti máa wá ọ̀gá. Ohun tí ó ń wá ni ibi tí ara ti lè rọ̀ ọ́. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ooru pẹ̀lú wà nínú rẹ̀, nítorí ara ológbò, tí ó máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 Celsius, a máa fẹ́ itan tí ó móoru. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò tó. Bí ó bá ṣe pé oúnjẹ nìkan ni, ẹni tí ó ju egungun sí i ni ìbá lọ bá.

Ohun kejì ni ìgbà èwe. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí a bí ọmọ ológbò títí dé ọ̀sẹ̀ keje ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jùlọ láti kọ́ ẹni tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Onímọ̀ kan ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Eileen Karsh, ṣe ìwádìí lórí èyí ní àwọn ọdún 1980. Ó rí i pé àwọn ọmọ ológbò tí ènìyàn ń gbé mọ́ra lójoojúmọ́ ní àkókò náà a máa súnmọ́ ènìyàn ju àwọn tí a kò fi ọwọ́ kàn lọ. Ní ọdún 1995 ẹ̀wẹ̀, Sandra McCune fi hàn pé ìwà bàbá a máa jẹ yọ lára ọmọ: ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í sá fún ènìyàn, òun náà kì í sábà sá. Ọmọ ológbò tí ó dàgbà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, tí ó jẹ́ pé òkò ni ó kọ́kọ́ mọ̀ lọ́wọ́ ọmọ aráyé, yóò pẹ́ kí ó tó gbà pé ọwọ́ ènìyàn lè ṣe rere. Ní ti ológbò àgbàlá wa, ó lè jẹ́ pé ìyá àgbà ni ó tẹ́ àkísà fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i sẹ́yìn àpótí. Àwọn tí ó dé ilé náà lẹ́yìn kò lè mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti wí nípa àlejò? A máa ń rí i tí ológbò wọ inú yàrá tí ènìyàn márùn-ún jókòó sí, tí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan tí kò fẹ́ràn ológbò rárá ni ó lọ bá. Èyí a máa ya gbogbo wọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ kò farasin. Láàárín ológbò sí ológbò, kí a tẹjú mọ́ ẹni jẹ́ àmì ìjà. Ẹni tí ó fẹ́ràn ológbò a tẹjú mọ́ ọn, a pariwo pè é, a sì na ọwọ́ sí i láti òkè wá. Lójú ẹ̀dá kékeré náà, ó dàbí ẹni tí ó fẹ́ kọlù ú. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ a gbé ojú kúrò, a dákẹ́, kò sì ní mira. Láìmọ̀, ó ti kí ológbò ní èdè ológbò.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti èyí lẹ́yìn. Ní ìlú Zurich, Dennis Turner ṣọ́ àwọn ológbò àti àwọn olówó wọn nínú ilé. Ó rí i pé bí ológbò bá jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ wá, àjọṣe wọn a máa pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn bá lọ bá a. Ní ọdún 2020, Tasmin Humphrey, Karen McComb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé bí ènìyàn bá rọra ń dijú díẹ̀díẹ̀ sí ológbò, òun náà a máa rọra dijú padà, a sì máa súnmọ́ ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ọwọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò yí padà lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa bá èyí mu pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ológbò kò mọ ènìyàn yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, Atsuko Saito fi hàn ní ọdún 2013 pé ológbò mọ ohùn olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àjèjì. A yí etí tàbí orí sí ọ̀nà ibẹ̀, bí kò tilẹ̀ dìde. Ní ọdún 2019, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ràn ènìyàn, a gbé ìrù sókè ṣánṣán, a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí nu ẹsẹ̀ onítọ̀hún kí òórùn ara rẹ̀ lè wà níbẹ̀. A máa fi ọwọ́ iwájú tẹ aṣọ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tẹ ọmú ìyá rẹ̀ nígbà èwe. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kí ó rọra fọwọ́ ra á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní abẹ́ àgbọ̀n àti ní ìdí etí, kí ó sì jìnnà sí ikùn rẹ̀.

Ojú rẹ̀ tí ń tàn ní òru pẹ̀lú kì í ṣe ti awo. Awọ dídán kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀, tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí, kí ó lè ríran nínú òkùnkùn.

Ìbẹ̀rù ológbò kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ìlú Chelmsford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1566, wọ́n so obìnrin arúgbó kan, Agnes Waterhouse, rọ̀ nítorí ẹ̀sùn àjẹ́, ológbò kan sì wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí nínú ẹjọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹranko kan náà yìí jẹ́ ohun ìfẹ́ ní ibòmíràn: Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì Muhammad, ìtumọ̀ orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ni "Bàbá Ọmọ Ológbò." Ológbò kò yí padà láti ilẹ̀ kan dé èkejì, ojú tí a fi ń wò ó ni ó yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, abala 210 nínú Ìwé Òfin Ọ̀daràn ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún méjì wá.

Nítorí náà, nígbà tí ológbò bá kọjá láàárín ariwo àgbàlá tí ó sì lọ sinmi lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà, kí ọmọ ilé-ìwé mọ ohun tí ó ń wò. Ìyá náà kò lé e, kò gbá a mú, kò pariwo mọ́ ọn. Ó fún un ní àyè láti yàn, ó sì yan òun. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa rẹ̀, kí ọmọ náà sọ òtítọ́ tí ó mọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, bí òun pẹ̀lú bá fẹ́ kí ológbò wá sọ́dọ̀ òun, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà, kí ó sì ní sùúrù.

ÌBÉÈRÈ
1. Báwo ni ọ̀nà tí ológbò gbà dé ilé ènìyàn ṣe yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́?
2. Kí ni Eileen Karsh rí nípa ìgbà èwe ológbò?
3. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ológbò fi máa ń lọ bá ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀?
4. Ṣàlàyé òwe méjì tí ó wà nínú àyọkà yìí.
5. Kọ àròkọ lórí ewu tí ó wà nínú fífi ẹ̀sùn kan ènìyàn láìwádìí.